Ẹ̀rọ Kì Í Lọ Òfìfo

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí onílé rẹ tí kì í jẹ́ kí o sùn dáadáa, mo sì kí ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì náà. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ kò ní yọ̀ ọ́. Ohun tí o bá jẹ kò ní há ọ lọ́fun. Tí o bá bi mí léèrè àwa ará ilé, a wà. Orókùn bàbá rẹ ṣì ń dùn wọ́n tí iṣẹ́ bá délẹ̀, kì í sì í dùn wọ́n tí oúnjẹ bá délẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ àgbàdo ṣì ń mu dísẹ̀lì bí ẹni tí wọ́n fi mímu ṣépè fún, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń wá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Má bínú pé bírò ni mo fi kọ ìwé yìí. Kọ̀ǹpútà tí o fọwọ́ ara rẹ tò pọ̀ ní pálọ̀ wa nígbà ìsinmi rẹ, tí o ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí àyà rẹ̀, ń sinmi. Ìdí tó fi ń sinmi ni mo fẹ́ ṣàlàyé, jọ̀ọ́, jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

O mọ̀ pé ojú ọ̀tún ìyá àgbà ti lọ. Dókítà ojú ti wá sọ pé tòsì náà ń palẹ̀ ẹrù mọ́, pé bóyá oṣù méjì ló kù tí wọ́n á ṣì máa dá ojú èèyàn mọ̀. Bàbá rẹ sunkún, nítorí ìyá wọn ni, èmi náà sunkún. Ìyá àgbà nìkan ni kò sunkún, wọ́n ní ṣé ojú kan tó ṣẹ́ kù ni àwọn á tún máa fi sunkún ṣòfò? Wọ́n ní gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ni àwọn fẹ́ rí kí òkùnkùn tó dé. Ẹ ò sì lè pa iṣẹ́ tì kí gbogbo yín dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ni a bá ní kí kálukú fi fóònù ya ara rẹ̀ ní fídíò kó fi ránṣẹ́, ká tò wọ́n pọ̀ di fíìmù kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ.

Wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àbúrò bàbá rẹ, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Baba Aládùúrà, gbàdúrà fún ìṣẹ́jú méjìdínlógójì, wọ́n dijú látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò tilẹ̀ wo ìyá wọn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá Wáyà, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ló bá wa tẹ ibi tó ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kọ̀ǹpútà ní wákàtí mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú ni òun máa lò. Bẹ́ẹ̀ wákàtí mẹ́fà péré ni wọ́n ń fún wa ní iná, láti ọ̀sán gangan di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Jẹnẹrétọ̀ wa ti kú, o mọ̀. Bí iná bá sì ti lọ, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń padà sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ni iná já wa kulẹ̀. Mo ní ká gé àdúrà náà kù. Bàbá rẹ fò sókè, orókùn ò dùn wọ́n mọ́, wọ́n ní níbo ni mo ti rí i tí wọ́n ń gé àdúrà, pé tí àbúrò àwọn bá dé, ó máa ka àmín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àdúrà ò ṣeé gé, ó di dandan kí kọ̀ǹpútà sáré.

Ọ̀gá Wáyà ló ní ó ṣeé ṣe. Ó ní ẹni tó ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti fi òdiwọ̀n kan sí eré rẹ̀, mẹ́rìndínlógójì ni ti èyí, ṣùgbọ́n èèyàn lè sún un sókè. Òun náà ò ṣe é rí, orí fóònù ló ti ń kà á. Ó ní ká máa sún un lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ká dán an wò fún wákàtí kan lẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ká sì máa wo ìgbóná rẹ̀. Ó ní ìwé inú páálí rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá sún un sókè, tó bá bàjẹ́, kó má wá bá àwọn tó ṣe é. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mi ò mọ ilé wọn. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti wà nídìí ẹ̀rọ àgbàdo, ta ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú ẹ̀rọ sáré?

Ojú ewé aláwọ̀ búlúù kan wà tí kọ̀ǹpútà máa ń fi hàn kó tó jí tán, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a sọ ọ̀rọ̀ eré. Ìyẹn yé mi dáadáa. Ọmọ tí a bá fẹ́ rán níṣẹ́ tó le, kó tó bọ́jú tán ni à ń rán an. Mo kọ́kọ́ kí i pé ẹ káàsán, nítorí mi ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìdánwò náà ló dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀gá Wáyà fi nǹkan kan síbẹ̀, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò, ó ń hó. Mo ní ìṣirò kí ni? Ó ní kì í ṣe ti nǹkan kan. Mo ní ta ló fẹ́ lo èsì rẹ̀? Ó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ lò ó, á kàn máa ṣe é fún wákàtí kan ni, a ó sì da èsì rẹ̀ nù. Ọmọ mi, àyà mi já. Ìwọ tí o dàgbà nílé ẹ̀rọ, o ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí ó fi sú ọ: ẹ̀rọ kì í lọ òfìfo. Bí àgbàdo ò bá sí láàárín irin méjèèjì, irin á máa jẹ irin. Mo ní kó pa á kíá. Mo ní irú ìyà wo nìyẹn, tí wọ́n á fi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní rí jẹ níbẹ̀ pa ẹni tí kò ṣẹ̀ wọ́n? Ó ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, mo ní kó máa lọ sílé.

Bó ṣe lọ ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é. Mi ò sì sún un lẹ́yọ-lẹ́yọ, kí ni mo fẹ́ máa ṣahun sí? Láti mẹ́rìndínlógójì, mo gbé e bọ́ sórí mẹ́rìndínláàádọ́ta, mo sì gbé iṣẹ́ gidi lé e lọ́wọ́, fíìmù ìyá àgbà.

Ó sáré o! Mo ní kí bàbá rẹ jókòó tì í, kí wọ́n máa fi ìdérí ìkòkò fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ pálọ̀, mo ní kó kí i kú iṣẹ́. Oníbàárà kan wọlé wá gba ṣéńjì rẹ̀, kò kí i, mo dá a padà síta kó tún wọlé. Ìgbóná tí Ọ̀gá Wáyà ní ká máa wò, mo fọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà, ó tutù. Nọ́ńbà kékeré kan sì wà ní igun ojú rẹ̀, tó ní àmì róbótó lẹ́bàá orí, ó ń gòkè. Ó dé márùndínláàádọ́rin, ó dé ọgọ́rin, ó dé márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún bàbá rẹ pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó gba irú máàkì yìí rí nílé ìwé, àti ìwọ náà.

Ó ku díẹ̀ kó gba ọgọ́rùn-ún ni ojú rẹ̀ yí padà di búlúù, ó sì ya ojú ẹni tó fajú ro sórí ara rẹ̀. Mi ò parọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló yà á, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kú. A tẹ̀ ẹ́, kò jí. A yọ ọ́ nídìí iná, a tún tì í bọ iná, kò jí. Gbogbo fídíò yẹn sì wà nínú rẹ̀, mo ti pa wọ́n rẹ́ nínú fóònù kí àyè lè wà. Bàbá rẹ ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo lọ jókòó nílé ẹ̀rọ, mo sunkún gidi. Mo ń rò ó pé ìwàǹwara mi ló máa jẹ́ kí ìyá àgbà wọ òkùnkùn láìrí ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ìyẹ̀fun àgbàdo dání, mo lọ bẹ Ọ̀gá Wáyà. Ó ṣí àyà kọ̀ǹpútà, ó yọ bátìrì róbótó kan tó rí bí owó ẹyọ, ó dúró díẹ̀, ó dá a padà. Kọ̀ǹpútà jí! Ó ti gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá a sọ, ó padà sí mẹ́rìndínlógójì rẹ̀, fídíò kan ò sì sọnù. Mo ní ṣé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ wà lára èèyàn, kí n yọ ti bàbá rẹ kí wọ́n gbàgbé òwe náà. Ó ní òun ò tíì kà á débẹ̀.

Báyìí ni mo gbà kó lọ òfìfo. Ọ̀gá Wáyà ní ó sàn kí iṣẹ́ asán já lọ́nà ju kí ti ìyá àgbà já lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí, ojú sì tì mí. Ọjọ́ méjì ló fi ń sún un lẹ́yọ-lẹ́yọ tó ń dán an wò, tó bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi á bọ́ síta, màá fọwọ́ di etí. Nígbà tó dé mọ́kànlélógójì, ó dúró ṣinṣin, máàkì rẹ̀, tí mo ti wá mọ̀ pé òun gan-an ni ìgbóná, kò kọjá ọgọ́rin. Ó ní ká má ṣe ojúkòkòrò mọ́. Lọ́jọ́bọ̀, iná dé, a tẹ̀ ẹ́. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni fíìmù parí, ìdúró ni a sì fi wo gbogbo wákàtí tó kẹ́yìn. Bàbá rẹ jó tòun ti orókùn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. Nínú gbogbo ọmọ, ìwọ nìkan ni fídíò rẹ ò dé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè ọ́, o ní ọwọ́ rẹ dí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ìyá àgbà má baà wá ọ tì, èmi àti bàbá rẹ dá ọgbọ́n kan. Télọ̀ tó wà ní ìkángun òpópónà ga tó ọ. A wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ àtijọ́ sí i lọ́rùn, a ní kó dúró lọ́ọ̀ọ́kán kó máa juwọ́, a fi í sáàárín nọ́ọ̀sì àti àdúrà.

Ìyá àgbà wo fíìmù náà lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n gbé ojú òsì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí imú wọn fẹ́ kàn án. Wọ́n ń pe kálukú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bi àwọn ọmọdé inú rẹ̀ bóyá wọ́n ti jẹun. Nígbà tó kan télọ̀, wọ́n fọwọ́ nu ojú òsì náà. Wọ́n ní ta nìyí. Èmi àti bàbá rẹ jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ìwọ ni. Wọ́n ní ojú ló ń ṣe àwọn, orí àwọn pé. Wọ́n ní ọmọ àwọn kì í wo èèyàn bí ẹni tó fẹ́ wọn àyà rẹ̀. A bú sẹ́rìn-ín, kí ni a tún fẹ́ ṣe? Lẹ́yìn náà wọ́n ní ká dá a dúró níbẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa ṣẹ́ẹ̀tì náà lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ó dára, àwọn ti rí aṣọ, ó ku ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ọ̀gá Wáyà ní kí kọ̀ǹpútà máa sinmi ná, ó ń fẹ́ fáànù tó tóbi ju èyí lọ, àti ọ̀dà funfun kan tí wọ́n ń fi sórí ọpọlọ rẹ̀ kí ó lè tutù. Bàbá rẹ ń fẹ́ oògùn orókùn, ijó ló fà á. Èmi ń fẹ́ bẹ́líìtì ẹ̀rọ. Kó owó gbogbo rẹ̀ jọ, má sì fi ìkankan ránṣẹ́ níbẹ̀. Fi wọ ọkọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yìí. Dókítà tún wo ojú náà láàárọ̀ yìí, ó ní oṣù méjì tí òun sọ ti pọ̀ jù.

Ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní dákú lọ́nà. Awakọ̀ rẹ kò ní sáré ju bó ṣe yẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kọ́ ló yẹ kó gba irú àdúrà yẹn. Ọ̀nà ò ní nà ọ́, ilé ò ní lé ọ. Ojú tó ń wá ọ á rí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Onílé Ẹ̀rọ.