Bàbá, Mi Ò Ní Fi Ẹgbẹ́ Kíríkẹ́ẹ̀tì Mi Sílẹ̀

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Spandau, ní Jámánì níbí. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ò kúrò lọ́kàn mi. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Táyé àtàwọn ọmọ wọn. Ara mi le. Òtútù ti lọ, oòrùn ti dé, iṣẹ́ aṣọ rírán ò sì jẹ́ kí n sinmi. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ló máa ń nira. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á wà ní títì, àdúgbò á pa lọ́lọ́, bí mo bá jókòó sílé, ògiri ni n ó máa bá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ wo ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì àdúgbò wa.

Mo gbọ́ pé Bọ̀ọ̀dá Sọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Hamburg, ti fẹjọ́ mi sùn, pé mò ń fi ìsinmi mi ṣòfò lórí àwọn tí kò mọ igi dì mú. Ẹ wá pè mí, ẹ ní kí n jáwọ́. Ẹ dákun, Bàbá, ẹ jẹ́ n rojọ́ tèmi.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ bá mi ṣàlàyé fún Màmá: ẹni tó di igi mú ló ń gbá bọ́ọ̀lù, tó sì ń sáré kó ayò jọ. Bí bọ́ọ̀lù bá ba igi mẹ́ta tí wọ́n rì sẹ́yìn rẹ̀, ó ti jáde nìyẹn. Àwọn tiwa, lọ́sẹ̀ yìí wọ́n á gbá a bí akọni. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á máa jáde tẹ̀léra-tẹ̀léra, bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná sílé.

Ti Hamburg ló dùn mí jù. Mo bá wọn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, mo gbé ìrẹsì àti dòdò dání. Karim, ọ̀gá wọn, ará Afghanistan tó ń wa bọ́ọ̀sì, bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Bó ṣe jáde báyìí, ni àwọn yòókù bá tú ká bí òròmọdìyẹ tó rí àṣá. Bọ̀ọ̀dá Sọlá wá láti Veddel, àdúgbò wọn níbẹ̀, wá wò wá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní agbọ̀n ni mo fi ń pọnmi, kí n wá máa tẹ̀ lé ẹgbẹ́ tiwọn. Mo ní mi ò kì í ṣe ẹni tó ń sá tẹ̀ lé ibi tí ọbẹ̀ ti dùn.

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, mo bá Karim wí. Mo ní ẹni tí kò tíì fara balẹ̀ wo bọ́ọ̀lù, kí ló ń wá nínú kó fẹ́ gbá a dé ọ̀run? Ó gbọ́ mi tán, ó ní ó dáa, Àǹtí, kí èmi náà wá di igi mú ká wò ó. Ó rò pé màá rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣe ìdánrawò.

Bàbá, mo lọ. Tóbi ọmọ mi fi èdè Jámánì sọ pé mò ń dójú ti òun. Mo ṣáà ń lọ.

Nígbà tá a bá ẹgbẹ́ kan láti Reinickendorf ṣeré ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́, ẹnì kan nínú àwọn tiwa ò lè wá, ni wọ́n bá fi mí sí ìkẹyìn. Kó tó kàn mí, nǹkan ti bàjẹ́. Karim nìkan ló ṣì dúró. Ọmọkùnrin gìrìwò tó ń ju bọ́ọ̀lù rọra ju ti àkọ́kọ́, bí ẹni tó ń ṣàánú ìyá rẹ̀. Mo ní kó jù ú bó ṣe ń jù ú fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó jù ú lóòótọ́! Ó bà mí léjìká, ó ta mí bí agbọ́n. Mo dúró bí ẹ ṣe kọ́ mi ní kíríkẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lẹ́yìn ilé àwọn olùkọ́, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù. Mi ò gbá nǹkan kan jìnnà. Mo kàn ń dá a dúró ni, kí Karim lè máa kó ayò jọ.

Ayò ò tó, wọ́n nà wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré parí, igi mẹ́ta ẹ̀yìn mi ṣì wà lóòró. Wọn ò lè lé mi jáde. Karim fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́.

Nítorí náà, Bàbá, ẹ forí jì mí, mi ò ní jáwọ́. Bí wọ́n bá tún tú ká lọ́jọ́ mìíràn, màá bú wọn dáadáa, màá sì bu ìrẹsì fún wọn. Ẹ sọ fún Bọ̀ọ̀dá Sọlá pé a tún ń bọ̀ ní Hamburg, èmi náà sì ń bọ̀ wá di igi mú.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á fún Màmá lẹ́sẹ̀ tó le. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, àgbà àti èwe.

Èmi ni,
Àdùkẹ́, ọmọ yín.