Fìlà Yín Lójú Mùfú

Bàbá mi ọ̀wọ́n, alágídí ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́,

Ṣé ẹ ṣì ń hanrun níbi tí ẹ wà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo bá àwọn ará ibẹ̀ kẹ́dùn. Èmi ọmọ yín ṣì wà ní Lásúnwọ̀n, ní Ìkòròdú níbí. Eyín ń dágbére fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹnu ò tíì sinmi.

Ọ̀rọ̀ Mùfú, àbíkẹ́yìn mi, ni mo bá wá. Ẹ ti lọ kó tó dé, ṣùgbọ́n orí ńlá yín ló gbé wá sáyé. Ọkọ̀ òfurufú ló ń kọ́ o, ní Òkè Ọya! Ó ti mọ̀ ọ́n wà bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Èyí tó kù ni kó wà á nínú ìkùukùu, níbi tí kò ti ní í rí ilẹ̀ rárá. Aago rẹpẹtẹ ló wà níwájú rẹ̀ tí ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ga tó, àti bóyá ó dọ́gba tàbí ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òyìnbó tó ń kọ́ ọ a fi ìbòjú sí i lórí kó má baà yọjú wo ìta.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Aago á ní ọkọ̀ dọ́gba, ara Mùfú á ní irọ́ ni, ó ń ṣubú sápá òsì. Ara rẹ̀ ló gbà gbọ́, ló bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé, kó padà wá tún un ṣe. Bí kò bá yege, ó tán nìyẹn. Ó dé, kò jẹun. Ìyẹn kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Kò rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi!

Ni mo bá rántí fìlà yín. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fà á bò mí lójú láàárín ọ̀sà, tí ẹ ó yí ọkọ̀ po, tí ẹ ó ní kí n nawọ́ sí Ẹ̀pẹ́? Èmi á nawọ́ bí ọba. Ẹ̀yin á rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ á fi máa mì, kí ẹ tó gbé ọ̀pá tí ẹ fi ń ti ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n bi ìsàlẹ̀ omi léèrè. Bó bá rọ̀, ẹrẹ̀ ni, etí omi ò jìnnà. Bó bá le, yanrìn ni, ọ̀nà ṣì jìn. Nígbà ọyẹ́, tí kùrukùru bá bo ọ̀sà, ọ̀pá yẹn ló ń mú wa délé.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo mú Mùfú lọ sí Èbúté, a wọ ọkọ̀, mo fa fìlà bò ó lójú. Aáṣáà yín ṣì wà nínú rẹ̀, Bàbá! Ọmọ sín títí. Mo yí ọkọ̀ po, mo ní kó nawọ́ sílé. Ó nawọ́ síbòmíràn. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa.

Ni Mùfú bá ní, “Ó yá, Bàbá, ó kàn yín.”

“Èmi? Èmi tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bí sínú ọkọ̀?”

“Ẹ dé fìlà, ẹ yéé fọ́nnu.”

Ó yí mi po. Gbogbo ara mi ló ń sọ fún mi pé iwájú mi gan-an ni Èbúté wà. Mo nawọ́ bí ọba. Nígbà tí mo ṣí fìlà, Agbówà lọ́hùn-ún ni mo nawọ́ sí!

Mùfú rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

“Ẹ̀yin náà, Bàbá?”

“Èmi náà. Kò sí ara tí kì í parọ́ bí wọ́n bá bò ó lójú. Bí ara kì í bá parọ́, kí la fẹ́ máa fi ọ̀pá ṣe?”

Nígbà tí a délé, ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ tirẹ̀ tán, ó kọjú sí tèmi.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ nawọ́ síbi tí kò tọ́ rí? Ẹ ò jẹ́ kí n fi fìlà bò yín lójú lọ́jọ́ kan. Mo ti ń fura sí yín.

Mùfú ti padà sí Òkè Ọya. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ìdánwò náà, ó sì mú fìlà yín lọ, ẹ má bínú. Mo ti sọ fún gbogbo Lásúnwọ̀n pé ẹ̀rù ò bà mí. Irọ́ ni mo pa. Mo mọ̀ yín, Bàbá, ẹ fẹ́ràn àlejò jù. Bí ẹ bá rí ọmọ olórí ńlá kan nínú ìkùukùu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí i, ẹ má pè é. Aago ni kó máa wò. Ẹ ṣáà jẹ́ kó kọjá.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń nawọ́ sí Agbówà bí ọba.