Dígí Ojú Tí Ìyá Mi Yàn

                                        Ilé Bàbá Yessoufou,
                                        Manigri, Bassila.
                                        11 Oṣù Kejì, 2025.

Bintou, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ikọ́ àbíkẹ́yìn rẹ ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Ara tèmi le, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìríra ló kún inú mi, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún.

O mọ̀ pé awọ funfun ti bo ojú ọ̀tún ìyá mi, tòsì sì ti fọ́ tipẹ́. Mo wá láti Pénéssoulou, a mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní òun yóò fi dígí kékeré kan sínú ojú náà. Ó wá béèrè pé ṣé èyí tó ń rí ọ̀nà jíjìn ni ìyá fẹ́, àbí èyí tó ń rí ohun tó wà nítòsí? Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, awò ojú ni wọn yóò máa fi wo ìyókù.

Ìyá mi ò tíì lanu tí Bàbá Yessoufou, àbúrò bàbá mi, ti dáhùn. Nílé wa, opó kì í fèsì níwájú àbúrò ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní jíjìn ni, torí kajú oko wọn ti ń so, ìyá mi ni yóò sì máa jókòó létí oko ṣọ́ olè. Àfi bí ẹni ń ra ajá ọdẹ! Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni, ṣùgbọ́n Bàbá Yessoufou ti sọ ojú ìyá mi di tiwọn.

Ìyá mi rọra ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, tòsí ni mo fẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń jẹ ohun tí mi ò rí."

Bàbá Yessoufou pòṣé, wọ́n jáde. Dókítà sì fi èyí tó ń rí nítòsí sí i.

Àná la padà sílé. Ìyá mi ò béèrè ẹnikẹ́ni. Abọ́ tí àwọn ará ilé Bàbá Yessoufou fi ń gbé oúnjẹ fún wọn ni wọ́n ní kí n gbé wá. Bí èmi bá wá kí wọn, abọ́ àlejò tó ń dán ni wọ́n máa ń gbé síwájú wa. Bintou, àjẹkù iyán tó ti bu lẹ̀ mọ́ etí eléyìí, ìdin ń rìn nínú ọbẹ̀ gbígbẹ. Mo sáré bọ́ síta, mo bì.

Ìyá mi ò bì. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ganiyatou, ṣé inú èyí náà ni mo ti ń jẹun?"

Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ wọn.

Lọ́la ni mò ń mú wọn lọ sọ́dọ̀ mi. Ẹni tó ni kajú, kó lọ ṣọ́ ọ. Bá mi kí ọkọ rẹ àti Wassilatou ọmọ rẹ. Abọ́ yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Yessoufou báyìí. Mi ò fọ̀ ọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Ganiyatou