Ẹ Bá Mi Tẹ́tí sí Ẹ̀rín Mi

Ẹ̀gbọ́n mi Kamaldeen,

Mummy, Daddy àti gbogbo ayálégbé ní kí n kí yín. Ẹ bá wa kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ, ẹ kú òtútù Kánádà. Orúnkún Daddy ti fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti ń dá wọ kẹ̀kẹ́ lọ kírun.

Mo ti rí obìnrin kan ní Ìlọrin tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú àìsàn mi, èyí tí dókítà pè ní bàìpólà. Mò ń lo oògùn mi o, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà mọ ilé wa. Bí mo bá dùbúlẹ̀ tí mi ò lè dìde, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Bí mi ò bá wá sùn mọ́, tí mò ń rẹ́rìn-ín ṣáá, tí mò ń pín ọjà ṣọ́ọ̀bù mi fáwọn aládùúgbò, Mummy á ní ara mi ti yá. Lóṣù tó kọjá, wọ́n din mọ́sà, wọ́n pe ààfáà, wọ́n ṣe sàárà ìdúpẹ́. Mo jókòó sáàárín wọn, mò ń ṣe àmín sí àìsàn mi.

Obìnrin náà ní kí n wá ẹnì kan tó mọ ẹ̀rín mi yàtọ̀ sí ti àìsàn. Mo wo gbogbo ilé, mi ò rí. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń sọ pé, "Ràfátù, èyí kì í ṣe ẹ̀rín ẹ."

Ọlọ́hun á dá yín padà fún wa láyọ̀. Ẹ má fowó ránṣẹ́. Ẹ ṣáà máa pè mí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, kí ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, kí ẹ sì tẹ́tí. Bó bá yàtọ̀ létí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúpẹ́. Ẹ sọ fún mi.

Àbúrò yín,
Ràfátù