Má Fọwọ́ Kan Orí Kẹrin

Ọmọ mi àtàtà, olórí kunkun,

Gbogbo ilé kí ẹ o. Ìyá rẹ kí ẹ, àwọn àbúrò rẹ kí ẹ, kódà ewúrẹ́ tó jẹ etí aṣọ ìyá rẹ ń ké bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, bóyá òun náà ń kí ẹ ni. Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oorun sùn, àbí ìwé ni o ṣì fi ń ṣe ìrọ̀rí? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹ lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n láàárọ̀, tó tún ń ṣọ́ ẹ nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ lọ́sàn-án, kò ní í gbàgbé ẹ nírọ̀lẹ́ tó bá rẹ̀ ẹ́. Àmín.

Àwa náà wà. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò, mo gùn ún lọ, mo dí i, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò níbòmíràn. Mo ṣì ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé tà, ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn mí. Àwọn aládùúgbò ń bi mí pé irú dókítà wo ni ọmọ mi fẹ́ dà tí kì í gún èèyàn lábẹ́rẹ́, mo ní èyí tó ga jù ni, abẹ́rẹ́ ti kéré sí i.

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á, ìyá rẹ ní kí n tún un kà, mo tún un kà, ló bá bú sẹ́kún. Ó ní ṣé àrùn orí àwọn èèyàn yẹn kì í ràn. Mo ní kì í ràn, ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mo ní onígbàjámọ̀ ni, torí òun ló ti gbé ìlú ńlá rí, orí gbogbo èèyàn ló sì ń fá, orí wo ni kò mọ̀? Ó ṣáà ní kí o máa fi ọṣẹ fọ etí rẹ tí o bá ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, nígbà tó jẹ́ etí lo fi ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó ká mi lára nínú lẹ́tà náà nìyí. O ní ọkùnrin kan wà lẹ́wọ̀n, alágbàṣe kan tí wọ́n ní ó pa ọ̀gá rẹ̀, tó máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ọ̀gá àgbà yín, ẹni tó kọ́ gbogbo dókítà ọpọlọ tó wà níbẹ̀, ti kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ pé ó ń díbọ́n ni. Ìwọ wá jókòó ti ọkùnrin náà láti ìgbà òjò títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, o fi àwòrán dán an wò, o ní kó ka nọ́ńbà láti ẹ̀yìn wá síwájú, o sì rí i pé kò díbọ́n rárá, orí rẹ̀ ló dàrú lóòótọ́. O kọ ọ́ sí orí kẹrin ìwé tí wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ sọ ẹ́ di dókítà. Ni ọ̀gá àgbà bá pè ẹ́ sí ọ́fíìsì, ó rọra ní kí o yọ orí kẹrin kúrò kí gbogbo nǹkan lè lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. O wá ń bi mí pé kí ni kí o ṣe.

Kí ni kí o ṣe kẹ̀? Má yọ ọ́! Má fọwọ́ kàn án! Ṣé èmi ni o ń bi ní irú ìbéèrè yẹn?

Ìyá rẹ kò lè pa ẹnu mọ́, ó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi àgbà, àwọn tí ẹ máa ń pè ní Bàbá Ariwo. Wọ́n dé bí ẹni tí wọ́n jí ní nǹkan. Wọ́n ní kí n pè ẹ́ wálé kíá, pé apànìyàn lò ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, o tún wá fẹ́ bá olùkọ́ rẹ jà. Mo rántí ohun tí o kọ nípa iṣẹ́ yín, pé ẹ kì í jiyàn, ẹ kàn máa ń mi orí, ẹ ó sì bi èèyàn pé báwo ló ṣe rí lọ́kàn rẹ̀. Mo fa àga, mo jókòó. Wọ́n pariwo, mo mi orí. Wọ́n tún pariwo, mo tún mi orí. Mo wá bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí lọ́kàn wọn. Háà! Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí bàbá wa ṣe ra kẹ̀kẹ́ fún mi tí kò ra fún àwọn, omi lé ròrò lójú wọn. Ẹ̀rù bà mí. O ò kọ èyí tó kàn sínú lẹ́tà, mo bá sá lọ bu omi wá fún wọn. Kí n tó dé, wọ́n ti nu ojú, wọ́n ní wèrè tí ọmọ mi ń wò ti ràn mí. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi bí wọ́n ṣe ń ti èèyàn padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i.

Ṣùgbọ́n mi ò pè ẹ́ wálé. Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n ti gbàgbé àwo wọn tó fọ́ nígbà tí o wà ní kékeré ni? Gbogbo ilé ní ìyàwó wọn ló fọ́ ọ, ìwọ nìkan lo ní àwọn fúnra wọn ni wọ́n fẹsẹ̀ gbá a. Wọ́n ní kí o kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ, o kọ̀. Wọ́n ní o ò ní í jẹun, o ní ebi ò pa ẹ́. Irọ́ ni, ikùn rẹ ń kùn, mo gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó sí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà rí i.

O tún ní lọ́jọ́ ìdánwò lórí ìwé náà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n máa jókòó yí tábìlì ká, ìwọ nìkan á dúró níwájú wọn, wọ́n á máa da ìbéèrè bò ẹ́. Èmi ò gbà! Irú ẹjọ́ wo nìyẹn tí ẹni tí wọ́n pè kò ní í ní mọ̀lẹ́bí lẹ́yìn? Ọkùnrin tó wà lẹ́wọ̀n pàápàá ní lọ́yà. Nítorí náà, à ń bọ̀. Ìyá rẹ ti fọ aṣọ, onígbàjámọ̀ ti fá irùngbọ̀n mi. Bàbá Ariwo náà ń bọ̀, wọ́n ní àwọn ṣì ń bínú sí ẹ, ṣùgbọ́n kò sí àjèjì tó máa jágbe mọ́ ọmọ àwọn níṣojú àwọn. A ò ní í bá ẹnikẹ́ni jà. A kàn máa jókòó sẹ́yìn rẹ, tí ìbéèrè bá sì ti le jù, Bàbá Ariwo á wúkọ́.

Fi owó ọkọ̀ gbogbo wa ránṣẹ́, àlọ àti àbọ̀. Má fi í sínú ẹ̀rọ ara ògiri bánkì yẹn mọ́ o. Nígbà tí mo lọ, ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà àṣírí mi, mo sọ ọ́ sókè ketekete, gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi gbọ́ ọ, òun nìkan ni kò gbọ́. Onígbàjámọ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, fi rán an.

O kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà pé ọkùnrin yẹn ní bàbá, arúgbó kan tó máa ń jókòó lẹ́nu géètì lọ́jọ́ àbẹ̀wò, tí kò rí ẹni bá a sọ̀rọ̀. Mi ò lè sùn nítorí bàbá yẹn. Bá mi kí i. Sọ fún un pé kì í ṣe òun nìkan ló bímọ tí wọn ò gbà gbọ́. Sọ fún un pé ọmọ mi ò ní í yọ ọmọ tiẹ̀ kúrò nínú ìwé.

Ọlọ́run á fún ẹ ní ohùn tí kì í gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní í yẹ̀ níwájú wọn. Tí wọ́n bá fún ẹ níwèé ẹ̀rí, a dúpẹ́. Tí wọn ò bá fún ẹ, má yọ́ wọlé bí olè, wá lọ́sàn-án gangan, gba àárín ọjà kọjá, èmi ni màá ru àpótí rẹ.

Èmi ni,
Bàbá Dókítà, wọ́n fún ẹ níwèé o, wọn ò fún ẹ o.