Sí Ẹbí Màmá Pẹ̀lẹ́, Olùwádìí Jẹjẹrẹ Wa

Ẹ̀yin ọkọ wọn, ẹ̀yin ọmọ wọn,

Ìbànújẹ́ ọkàn ló bá wa jókòó ní ilé ìwádìí yìí láti àárọ̀ tí ẹ ti fi tó wa létí pé Màmá Pẹ̀lẹ́ sùn, wọn ò sì jí mọ́. Bí ẹni ń rìn lójú àlá la ṣe ń ṣe. Ẹ̀rọ amóhun-tutù ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé sórí àga wọn, ó sì ń ṣe wá bíi pé wọ́n kàn jáde lọ fọwọ́ ni.

“Pẹ̀lẹ́” ni wọ́n máa ń kí àwọn sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó gbójú lé awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá; ibẹ̀ la ti fún wọn lórúkọ. Iṣẹ́ wọn dá lórí purotéènì kan tó ń pa jíìnì, ìyẹn àwọn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì, lẹ́nu mọ́. Wọ́n á ní kò yẹ kí jíìnì kankan máa sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru. Purotéènì yìí ló ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn títí tó fi sùn lọ, bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ó máa ń pọ̀ jù, á wá pa àwọn jíìnì tó ń ṣọ́ ara pàápàá lẹ́nu mọ́. Màmá lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé wọn láti wá oògùn tó máa ká a lọ́wọ́ kò.

Wọ́n rí oògùn náà. À ń múra àtifún àwọn aláìsàn lò ni Màmá ṣàkíyèsí pé lára àwọn eku kan, ẹ̀jẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kókó jẹjẹrẹ tuntun ń yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Níbẹ̀, purotéènì kan náà tí oògùn wa ń dá dúró ló ń dáàbò bo ara. Ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí ní ká máa bá a lọ, pé eku kì í ṣe ènìyàn. Màmá ò gbóhùn sókè.

“Ọ̀gá, oògùn tèmi ni. Èmi náà ni mo ní kí ẹ dá a dúró.”

A dá a dúró. Àwọn kan bínú fiṣẹ́ sílẹ̀. Màmá padà sídìí awò, títí wọ́n fi mọ ẹni tí oògùn náà bá lára mu àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fi kan ẹnu.

Télọ̀ kan ló kọ́kọ́ lò ó. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó bi Màmá pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Sùúrù ni, pẹ̀lú kẹ́míkà díẹ̀.” Lánàá, ọkùnrin náà wá síbí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ wọn fún ìgbà pípẹ́, kò wọlé, ó rọra fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó lọ.

Ẹ̀yin ọkọ wọn, ẹ̀yin lẹ máa ń gbé oúnjẹ wá nígbà tí wọ́n bá gbàgbé pé ọ̀sán ti pọ́n. Ẹ má ṣe dẹ́kun àtimáa yà sọ́dọ̀ wa. A ó dúró ti àbígbẹ̀yìn wọn títí á fi parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀, àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló sì máa bá ìwádìí náà lọ.

Kí Ọlọ́run Olùtùnú bá yín gbé inú ilé náà, pàápàá ní àwọn àárọ̀ tí ẹ máa nawọ́ lórí ibùsùn, tí ẹ ò ní bá wọn níbẹ̀. Kó tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Kó jẹ́ kí oorun tún dùn mọ́ yín.

Àwa òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí jẹjẹrẹ.