Abdulganiyu, Ìwé Omi Rẹ Ti Jáde

Ìwọ tí ò ń ka èyí, mo kìlọ̀ fún ọ o. Bí o bá mọ àbúrò mi, jókòó, kà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ibi tí àwọn ìwé rẹ̀ wà lò ń wá, yáa pa á dé. O ò ní rí i níbí.

Abdulganiyu, ọdún mẹ́fà rèé tí o ti fi ayé sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà! Èmi Rashidat ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo ń kọ ọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé ìwé mi ò jìnnà. Má wo àṣìṣe mi.

Ọmọ Kabala Costain, àdúgbò wa nílẹ̀ Hausa níhìn-ín, tó lọ kọ́ òfin ní Ṣáínà! Nígbà tí ò ń lọ ní 2006, gbogbo àdúgbò ló ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń lọ Ṣáínà lọ ra ọjà, ìwọ ń lọ ra òfin, ṣé tiwa ti tán ni? O kàn fi Hausa ní, "Toh," pé ó dára. Ọdún méje lo fi wà ní Wuhan. O gbọ́ èdè wọn, o kọ́ òfin wọn lórí omi àti afẹ́fẹ́, o fi wé tiwa, o sì gboyè dókítà bọ̀ wá máa kọ́ni ní yunifásítì. Wọ́n ń pè ọ́ lọ sọ̀rọ̀ ní Accra, ní Nairobi. Síbẹ̀, tó bá di ọ̀sán Sátidé, orí bẹ́ǹṣì ìsọ̀ ìránṣọ mi lo máa ń wà.

Bí o ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Òfin tí o bá kà ní èdè Ṣáínà, o kì í gbà pé o ti mọ̀ ọ́n àfi tí o bá sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, tí mo dá máṣíìnì dúró, tí mo bi ọ́ ní ìbéèrè. O ní, "Àǹtí mi, bí kò bá tíì yé yín, èmi náà ò tíì mọ̀ ọ́n." Lọ́jọ́ kan, o ní ní Ṣáínà, ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lè pe ilé iṣẹ́ tó ba odò jẹ́ lẹ́jọ́, bí odò náà ò tiẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá. Mo ní, bí adájọ́ bá wá jẹ́ àna ẹni tó nilé iṣẹ́ ńkọ́? Kai! O rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ. O ní ọ̀jọ̀gbọ́n kankan ò bi ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. O fa ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà sí, o yí i dé, o kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Inú bí mi. Mo ní, ṣé òfin ni n ó fi gé káfútàànì Alhaji Mahmud ni?

Odò tiwa yìí lò ń kọ̀wé lé lórí, àti omi tó ń yí àwọ̀ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan. N ò ní dárúkọ wọn. Ọkàn rẹ ṣàdédé dáṣẹ́ dúró, o sì kú kí ìwé tó parí.

A ò tíì ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tí ọkùnrin méjì fi dé. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ ló rán àwọn wá kó ìwé odò. Abdulgafar ni wọ́n pè ọ́! Mo ti mọ̀ pé irọ́ ni, pé ilé iṣẹ́ yẹn ló rán wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, àbúrò mi. Mo gbé páálí tó wúwo jù fún wọn, èdè Ṣáínà ni gbogbo inú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sunkún. Èmi, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni mo fọwọ́ ara mi gbé òógùn rẹ fún wọn!

Faridah, ọmọ Hausa láti àdúgbò Badarawa, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ, ló wá kí mi. Ó bi mí, kí ni àwọ̀ ẹ̀yìn àwọn ìwé náà? Mo ní búlúù. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀. Ó ní o ti fi àwọn ìwé yẹn han àwọn ní kíláàsì rí: ìwé tí o fi kọ́ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà Ṣáínà lọ́dún àkọ́kọ́. "Omi, omi, omi," ojú ewé kan gbáko!

Ó wá bi mí pé, níbo lo wá kọ ìwé odò gan-an sí? Mo gbójú sókè wo pẹpẹ. Ìwé ìwọ̀n aṣọ mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn tiẹ̀ ti gbé fìlà rẹ̀ lé wọn lórí! Èjìká àti ìbàdí níwájú, òfin lẹ́yìn, ní Yorùbá, pẹ̀lú ìbéèrè mi tí o fa ìlà sí nídìí.

Ọdún méjì la fi ṣe é. Èmi tí n ò kàwé púpọ̀, mo ń kà á, mo ń fi Hausa ṣàlàyé, Faridah ń kọ ọ́ ní èdè Òyìnbó. Ìwé náà ti jáde, Abdulganiyu. Ó ti jáde! Orúkọ rẹ ló síwájú. Ìbéèrè Àǹtí ló bẹ̀rẹ̀ orí kọ̀ọ̀kan. Faridah ti di dókítà, kíláàsì rẹ ló ń kọ́. Mubashir ọmọ rẹ, tí kì í fi nǹkan kan dáhùn àfi Hausa, ti wọ ọdún kejì nínú ẹ̀kọ́ òfin. Ó ní òun náà á gbọ́ èdè Ṣáínà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n kọ́kọ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá.

Látìgbà tí ìwé ti jáde, àwọn èèyàn yẹn tún ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ Tuesday, ọkùnrin kan gbé aṣọ wá. Ó ní ìwé yìí dára, níbo ni èyí tí Dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà? Ẹ̀rù bà mí, wallahi: bí wọ́n bá kó o lọ, wọ́n á ní irọ́ ni ìwé tó jáde. Mo wọn èjìká rẹ̀. Mo wọn apá rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tuntun. Ó tún bi mí. Mo ní kó nàró kí n wọn ẹ̀yìn rẹ̀.

Abdulganiyu, bẹ́ǹṣì rẹ ṣì wà, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò. Bí ọ̀sán Sátidé bá dé, mo ṣì máa ń dá máṣíìnì dúró. A nífẹ̀ẹ́ rẹ, àárò rẹ ò kúrò lára wa.

Ibi tí ìwé mọ́kànlá yẹn wà báyìí? Aṣọ ni mo ń rán. N ò sọ̀rọ̀ mọ́.